Irun Mọ́kànlá Tí Nọ́ọ̀sì Dì Sílẹ̀

Kodoro ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Onígbàjámọ̀ ni. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń gé irun àwọn ọkùnrin, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè ṣàlàyé irú gígé tó fẹ́ tó, bó bá fi máa dìde lórí àga Kodoro, orí rẹ̀ á ti máa dán. "Ẹ gé e díẹ̀ fún mi" ni àwọn oníbàárà máa ń wí. Díẹ̀ ti Kodoro kì í ṣe díẹ̀ tiwọn. Ẹni tó bá fajú ro, á na dígí kékeré sí i kó fi wo ìpàkọ́ ara rẹ̀, á ní, "Ẹ wò ó, atẹ́gùn ti ráyè wọlé." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Ká má parọ́, ọkùnrin náà mọ irun gé. Àmọ́ irun gígé nìkan ló mọ̀. Irun tí wọ́n bá fẹ́ kó wà lórí, kó má kúrò níbẹ̀, kò kàn án. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, òun náà ò sì ní orúkọ míì ládùúgbò. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún méje. Pẹ́pẹ́yẹ ni bàbá rẹ̀ ń pè é, torí pé láti ìgbà tó ti mọ ẹsẹ̀ gbé ló ti ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn kiri, láti yàrá dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà. Irun ọmọ náà pọ̀, ó sì ká. Ẹ fà á, á gùn dé èjìká. Ẹ fi sílẹ̀, á ká padà sókè bíi sípíríǹgì bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àìkú, Nọ́ọ̀sì á jókòó sórí àpótí, á há ọmọ sáàárín orúnkún, á máa di irun náà, á máa bá a tàkúrọ̀sọ. Kodoro á wà lórí àga tirẹ̀, á ṣe bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Kì í ṣe rédíò ló ń gbọ́. Ohùn àwọn méjèèjì ló ń gbọ́, inú rẹ̀ á sì máa dùn láìsọ fẹ́nì kan.

Ìgbà tó yá, iṣẹ́ dé fún Nọ́ọ̀sì láti òkèèrè, ní ilé ìwòsàn ńlá kan: àdéhùn ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì láàárín. Tọkọtaya náà sọ ọ́ títí, wọ́n gbà pé kó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, Nọ́ọ̀sì jí, ó gbé àpótí, ó pín orí ọmọ náà sọ́nà mọ́kànlá, ó sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn délẹ̀. Ọmọ ń sunkún, ikun ń dà. Obìnrin tí kì í purọ́ fún aláìsàn bá sọ ohun tí ìyá máa ń sọ kí ẹkún lè dá.

"Má sunkún mọ́. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú irun yìí o. Èmi tí mo dì í, èmi náà ni ma tú u."

Ẹkún dá lóòótọ́. Mọ́tò dé, ó wọ̀ ọ́, ó lọ. Ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni, àmọ́ ọmọ ọdún méje ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtùnú àti àdéhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, irun náà ṣì dáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti ń rí wúruwùru. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ keje, ìdí rẹ̀ ti wú, ó sì ti ń lẹ̀ mọ́ra. Obìnrin tó bá ní kó wá kóun bá a tún un ṣe, èsì kan náà ló ń gbà: "Ẹ ṣé, mà. Mọ́mì mi ló máa tú u." Bí ìyá rẹ̀ bá sì pè lọ́jọ́ Àìkú láti fi fóònù rí ojú wọn, ọmọ á ti dé fìlà onírun àgùntàn mọ́lẹ̀ títí dé etí. Òtútù ló ń mú òun, ó wí bẹ́ẹ̀, nínú oòrùn tí gbogbo èèyàn fi ń bọ́ ẹ̀wù.

Kí wá ni bàbá rẹ̀ ṣe sí i? Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń sọ fáwọn èèyàn pé òun ò fẹ́ bá ọmọ jà ni. Irọ́ ló ń pa. Sálúbàtà Nọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe bọ́ ọ sílẹ̀. Ife tó fi mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Kodoro ti fọ̀ ọ́, ó dá a padà sáyè rẹ̀, kò sì jẹ́ kí nǹkan kan kàn án. Láràárọ̀ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ láti di okùn bàtà, bàbá á dúró sí òkè orí rẹ̀, á máa wo ojú ìpín irun náà, bó ṣe tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Nínú gbogbo ohun tí obìnrin yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sílẹ̀, irun mọ́kànlá yìí nìkan ló ṣì ń rìn nínú ilé, tó ń jẹun, tó ń béèrè ìbéèrè. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí ìyàwó rẹ̀ débi pé kò fẹ́ kí ìdọ̀tí orí ọmọ pàápàá lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, tíṣà kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà kún fún ọ̀wọ̀, àmọ́ ohun tó sọ ò farasin: ọmọ ń yún orí ṣáá ní kíláàsì, orí rẹ̀ ń rùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè. Kodoro kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì í. Òun tó ń tọ́jú orí gbogbo àdúgbò, orí ọmọ tiẹ̀ ń rùn.

Láàárọ̀ Sátidé, kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ó mú ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé pákó lé ọwọ́ àga méjèèjì, ó gbé e jókòó, ó so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé irun á hù padà. Ohun tó ti ń sọ fáwọn èèyàn láti ọdún méjìlélógún nìyẹn, kò sì tíì jẹ́ irọ́ rí. Ó tan kílípà. Ọmọ ò ké. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó wo bàbá rẹ̀ nínú dígí.

"Dáddy, tí Mọ́mì bá dé tí wọn ò bá a mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ tú?"

Kodoro tún aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ so.

"Ṣé wọ́n á kàn padà lọ ni?"

Ó pa kílípà. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń nu kílípà tí kò dọ̀tí.

Màmá Télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kángun sí ti Kodoro, ti ń wo gbogbo rẹ̀ látẹnu ọ̀nà. Àgbàlagbà obìnrin ni, ó lé ní àádọ́rin ọdún. Irun rẹ̀ funfun báláú, ó pọ̀, ó ká. Kì í dì í, kì í kó o, ó kàn wà lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ojú ò sì lè kúrò lára rẹ̀.

"Kodoro," ó ní, "ọdún mélòó lo ti ń gé irun?"

"Méjìlélógún, mà."

"O ò tíì tọ́jú irun rí. Sún mọ́bí."

Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì la ọ̀rọ̀ náà yé e. "Ìyàwó ẹ mọ irun dì. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, o ò sì ní mọ̀ ọ́n kó tó dé, má tan ara ẹ. Èyí tí ò ní pọ̀ jù fún ẹ ni kó o mú. Omi làkọ́kọ́. Irun yìí ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ gbígbẹ kan òun. Fọ́n omi sí i, fi kọndíṣọ́nà pa á títí á fi máa yọ̀. Òòyà tí eyín ẹ̀ fẹ̀ ni kó o lò, kì í ṣe eléyìí tó o fi ń họ orí àwọn ọkùnrin. Láti ìsàlẹ̀, níbi ṣóńṣó irun, ni wàá ti máa yà á gòkè."

"Láti ìsàlẹ̀ ke, mà? Ṣebí láti iwájú orí la ti ń yà á lọ sẹ́yìn."

"Irun àwọn ọkùnrin, tí ò gùn tó irun ojú, lò ń sọ yẹn. Gbọ́ tèmi. Pín orí sọ́nà mẹ́rin, tàbí mẹ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, pín in sí méjì, lọ́ méjèèjì mọ́ra. Ó parí. Má fi táwẹ̀lì nù ún, ẹ̀wù àtijọ́ ni. Tó bá gbẹ, tú u, jẹ́ kó máa ká bó ṣe wù ú. Alẹ́, wé aṣọ tó ń yọ̀ mọ́ ọn. Àárọ̀, fọ́n omi sí i, fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ó dilé ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni kó o máa fọ̀ ọ́. Irun yìí ò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Ẹni tó ń bá a jà ló ń pè é ní alágídí."

Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, láàárín oníbàárà kan sí èkejì, Kodoro há mọ́ọ̀pù olókùn tuntun tí wọ́n fi ń nulẹ̀ sáàárín orúnkún láti fi kọ́ṣẹ́, ó ń fọ́n omi sí i lórí, ó ń lọ́ ọ ní méjì méjì. Ẹ mọ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọ̀kan ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé òde ni wọ́n ń lọ?" Òmíràn ní kó má fà á jù, kí orí má fọ́ ọ. Kodoro ò wo ojú wọn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, mọ́ọ̀pù náà ti gún régé ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ku ti ọmọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Kodoro wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fìlà, lẹ́tà, kílípà, àti ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tí ọmọ dì mú. 

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?" Nọ́ọ̀sì bi í. "Mo ti gbàgbé pé mo sọ ọ́."

"Òun ò gbàgbé."

Kodoro gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń fọn imú. Lẹ́yìn náà Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ pè é wá."

Wọ́n gbé fóònù ti ife tíì yẹn. Kodoro jókòó sórí àpótí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọmọ jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà.

"Pẹ́pẹ́yẹ, ṣí fìlà. Mo ti gbọ́. Mo ní èmi ni ma tú u, àbí?"

"Ẹ̀n, Mọ́mì."

"Èmi náà ni mo fẹ́ tú u báyìí. Ọwọ́ mi ni ò gùn débẹ̀. Mo fẹ́ yá ọwọ́ Dáddy ẹ."

Ọmọ rò ó dáadáa. "Ṣé ẹ máa dá a padà fún wọn?"

"Ma dá a padà."

Ó ṣí fìlà. Nọ́ọ̀sì rí irun náà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì tún ojú ṣe kíá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Ẹ rọra. Ẹ má wàdúwàdú. Omi, ẹ tún fọ́n omi." Ìka Kodoro, tí kò mọ̀ ju títẹ kílípà lọ, ń rìn jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ tuntun. Wọ́n tú ọ̀kan, wọ́n tú èkejì. Ilẹ̀kẹ̀ omi ń rìn lọ́rùn ọmọ. Wọ́n tú u dé ìkẹwàá. Ló bá di pé ẹnì kan pe Nọ́ọ̀sì láti ẹ̀yìn. Ó ní wọ́n ń fẹ́ òun ní wọ́ọ̀dù, ó ní ó dàbọ̀, ojú fóònù sì ṣókùnkùn.

Ó ku ọ̀kan ní ìpàkọ́. Kodoro nawọ́ sí i. Ọmọ fọwọ́ bò ó.

"Mọ́mì ti lọ. Wọ́n ti dá ọwọ́ yín padà. Tiyín nìyẹn báyìí, kì í ṣe tiwọn."

Kò sí lọ́yà tó lè bá a jiyàn ọ̀rọ̀ náà. Kodoro fi ìkọkànlá sílẹ̀, kò sì sọ fún Nọ́ọ̀sì. Ó fọ orí tó kù, omi rẹ̀ dúdú bí ìgbà tí wọ́n fọ kápẹ́ẹ̀tì. Ó pa kọndíṣọ́nà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó lọ́ ọ ní mẹ́fà. Ọ̀kan sanra, ìkejì rẹ̀ rù, ọ̀kan dojú kọ etí. Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kó tó parí. Ọmọ wo dígí pẹ́.

"Ó jọ mọ́ọ̀pù," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí bàbá rẹ̀ ò tíì gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Díẹ̀díẹ̀, ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́rin di méjì, méjì di ọ̀kan, ọ̀kan di ogún ìṣẹ́jú. Irun náà fẹ́ràn rẹ̀, ó ń dán, ó ń ká wálẹ̀ lóbìírí-lóbìírí yí ojú ọmọ ká. Ọ̀kan tó kù ní ìpàkọ́, ó ń fi òróró pa á, ó ń fi ìyókù bò ó. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan tó ti fi í rẹ́rìn-ín nígbà mọ́ọ̀pù dúró títí gbogbo èèyàn fi lọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun náà lọ́mọbìnrin nílé, ìyá rẹ̀ ò sí mọ́. Kodoro gbé ìgò omi lé e lọ́wọ́, ó kọ́ ọ, kò bá a ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé irun tó rọrùn ló ń mú kí ọkàn rọrùn. Ohun tí Nọ́ọ̀sì ń fi odindi ọ̀sán ṣe, Kodoro ti ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣe é, ìyókù ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ò sì níbi tó fẹ́ gbà. Ọmọ á sá lọ ṣeré. Ọkùnrin á tan rédíò, á jókòó sórí àga rẹ̀, á kọjú sí àpótí. Nígbà yẹn ló wá mọ̀ pé kì í ṣe pé irun yẹn ń pẹ́. Obìnrin náà ló ń fẹ́ kó pẹ́. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé ó ń dun eegun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà, tó bá rí irun ọmọ lórí fóònù, á ní, "Ó mà dáa o. Ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ." Lẹ́yìn náà á ní iná òun fẹ́ kú, á pa ojú fóònù, ohùn rẹ̀ nìkan lá máa kù.

Ní oṣù kẹrìnlá, ìsinmi rẹ̀ dé. Ó wọlé pẹ̀lú àpò méjì, ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó kàn lọ ra búrẹ́dì. Ọmọ ti ga. Ó kọ́kọ́ ń tijú ìyá rẹ̀, ìyẹn sì dun Nọ́ọ̀sì, àmọ́ kò sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé àpótí, ó jókòó, ó ya orúnkún. Ọmọ wá, ó jókòó síbẹ̀, orí rẹ̀ ti dé àyà ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ki ọwọ́ bọ inú irun náà, ó ń fọwọ́ rìn nínú rẹ̀ lọ títí ó fi dé ìpàkọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí lèyí?"

Kodoro ń wo rédíò.

"Ìkọkànlá ni," ọmọ wí. "Ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa tú u. Mo ní kí Dáddy fi sílẹ̀ fún yín."

 Nọ́ọ̀sì mú orí irun náà, ó fẹ́ fi èékánná là á.

"Omi làkọ́kọ́, Mọ́mì. Láti ìsàlẹ̀."

Kodoro gbé ìgò wá. Irun náà ti le bí okùn, gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi tú u, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kó yá. Bó ṣe tú tán, irun bọ́ sọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ó kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

"Mo ti fà á já."

"Rárá," Kodoro dáhùn, ìyẹn kúkú jẹ́ ohun tó mọ̀. "Irun máa ń já fúnra ẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn yìí ni ò ríbi jáde. Láti àárọ̀ ọjọ́ tó o lọ ni wọ́n ti wà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo oṣù mẹ́rìnlá lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó sunkún, kò fi pamọ́ fẹ́nì kankan.

Ọ̀sẹ̀ méjì ò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa padà, ó gbé àpótí, ó lọ́ irun ọmọ ní mẹ́fà bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, àmọ́ ojú ìpín tirẹ̀ tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á.

"Tó bá di Sátidé," ó ní, "kí Dáddy ẹ tú u."

"Ṣé ẹ fẹ́ yá ọwọ́ wọn ni?"

"Rárá. Ọwọ́ tiwọn náà tó."

Mọ́tò dé, ó wọ̀ ọ́, ó lọ. Ọmọ juwọ́ títí, omi lé lójú rẹ̀, kò sì ké.

Ọjọ́ Sátidé, Kodoro jókòó sórí àpótí, ìgò omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ jókòó síwájú rẹ̀. Ó mú ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òórùn òróró tí Nọ́ọ̀sì fi pa á ṣì wà lára rẹ̀. Ó wo ojú ìpín náà, ó fi í sílẹ̀. Ó tún mú òmíràn.

"Jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọ̀la," Kodoro ní. "Ó ṣì dáa gan-an."

Ọmọ yíjú padà, ó wo bàbá rẹ̀ pẹ́, bí àgbà ṣe ń wo ọmọdé tó fẹ́ sunkún. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ tó di ìgò mú, ó gbé e sókè orí ara rẹ̀.

"Ẹ tú u, Dáddy," ó ní. "Mọ́mì á wá náà."

Kodoro fọ́n omi sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.